Ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun àwọn ará Toscana: orúkọ kan, ẹ̀wà méjì

Àwọn ará Ítálì yòókù a máa fi àwọn ará Toscana ṣe ẹ̀fẹ̀, wọn a pè wọ́n ní mangiafagioli, èyí tí ó túmọ̀ sí "ajẹ̀wà". Ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun wà lára oúnjẹ tí a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tí ó bá rí ọbẹ̀ yìí nínú abọ́ lè rò pé ẹ̀wà kan náà ni wọ́n ti ń sè láti ayé Róòmù àtijọ́. Lóòótọ́, orúkọ ẹ̀wà náà, fagiolo, ti inú èdè Látìnì wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí a ń sè lónìí kọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà.

Kí ọdún 1492 tó dé, ẹ̀wà kékeré kan tí ó ní ojú dúdú ni àwọn ará Ítálì ń pè ní fagiolo. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà yìí ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Vigna unguiculata, òun náà sì ni àwa Yorùbá fi ń ṣe àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus, àwọn atukọ̀ kó ẹ̀wà mìíràn bọ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń gbìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ ní Belluno, ní àríwá Ítálì, sọ pé Póòpù Clement Keje, ọmọ ilé Medici ti Florence, ni ó fún Pierio Valeriano ní irúgbìn rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1532.

Ìyípadà náà kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní nǹkan bí ọdún 1584, Annibale Carracci ya àwòrán ọkùnrin kan tí ó ń jẹ ẹ̀wà. Àwòrán náà wà ní Palazzo Colonna ní Róòmù. Bí ẹ bá wo inú abọ́ ọkùnrin náà dáadáa, ẹ ó rí ojú dúdú lára ẹ̀wà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àlejò gba orúkọ mọ́ onílé lọ́wọ́. Ẹ̀wà àtijọ́ wá di ẹni tí a ń fi àdàpè pè: fagiolo dall'occhio, ìyẹn "ẹ̀wà olójú". Nígbà tí Linnaeus ń to orúkọ ewéko ní ọdún 1753, ẹ̀wà Amẹ́ríkà ni ó pè ní Phaseolus vulgaris. Síbẹ̀, ẹ̀wà àtijọ́ kò parun. Wọ́n ṣì ń gbin irú rẹ̀ kan ní ẹ̀bá adágún Trasimeno.

Báwo ni a ṣe ń se ọbẹ̀ náà nílé? Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ rẹ 300 gíráàmù ẹ̀wà cannellini sómi mọ́jú. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì gbé e kaná pẹ̀lú omi lítà 2, aáyù méjì àti ewé salvia. Ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó dín iná kù títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀. Ẹ din àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti sẹ́lẹ́rì nínú òróró ólífì, kí ẹ fi tòmátì àti kábéèjì dúdú sí i. Ẹ gún ìdajì ẹ̀wà náà kí ọbẹ̀ lè ki, kí ẹ wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ àti iyọ̀. Bí ó bá jinná, ẹ dà á lé búrẹ́dì tí ó ti gbẹ lórí, nítorí oúnjẹ tálákà ni, wọn kì í da búrẹ́dì nù. Bí a bá tún un sè lọ́jọ́ kejì, ó di ribollita, ìyẹn "atúnsè". Pellegrino Artusi fi irú ọbẹ̀ àgbẹ̀ yìí sínú ìwé oúnjẹ tí ó tẹ̀ jáde ní Florence ní ọdún 1891.

Bí ẹ kò bá rí cannellini, ẹ lo ẹ̀wà funfun tiwa. Ẹnì kan lè sọ pé ayédèrú nìyẹn, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó sún mọ́ fagiolo tí àwọn baba ńlá wọn mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá bá orúkọ kan pàdé nínú ìwé àtijọ́, ẹ má ṣe yára fi ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà lónìí túmọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó wà nínú abọ́ nígbà náà.