Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Èjìrẹ́ Líjàdù àti Àwọn Oníbodè Orin

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí òwò dojú rú fún, la sábà máa ń fi òwe yìí rẹ̀ lẹ́kún pé kó má bọkàn jẹ́, ibòmíràn á là. Ìlò yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan òwe ni. Ẹni bá dúró létí ọjà Òkè-Odò ní Ilé-Epo, lágbègbè Àgbàdo-Òkè-Odò wa yìí, yóò rí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ará Méìrán ń gba Abúlé-Ẹ̀gbá bọ̀, ará Ìyànà-Ìpájà ń ti òdìkejì bọ̀, àwọn mìíràn ń yọ láti inú àdúgbò tàwọn tẹrù lórí. Kò sí èyí tí ọ̀nà rẹ̀ dí nínú wọn. Síbẹ̀, ọlọ́gbọ́n inú wọn mọ ju ọ̀nà kan lọ, torí ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ́ sílẹ̀ ní títì márosẹ̀, tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì là gbooro.

Àwọn baba tó pa òwe náà tún mọ ohun kan tí wọn ò fi sínú rẹ̀: ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní oníbodè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹnu ibodè ni oníṣòwò ti ń sanwó kí ẹrù rẹ̀ tó kọjá, ìjòyè tó bá sì ni ibodè náà kì í ṣaláì mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọ òwò kì í bá oníbodè jà pé kí ló dé tó wà níbẹ̀. Iye tí yóò gbà ló máa ń wádìí kó tó dẹrù.

Iṣẹ́ orin ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, pàápàá orin rọ́ọ̀kì, tí àwọn ọ̀dọ́ méjì lè dáwọ́ lé láìsí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wọn. Olórin fújì tàbí jùjú tó bá ti lórúkọ ti ní òde ìnáwó tirẹ̀. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìwúyè ni yóò máa pè é. Olóde á san owó ìpè, àlejò á tún máa ná an lówó lójú agbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti sọ nínáwó lé olórin lórí di ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni yóò wá pe ẹlẹ́gbẹ́ rọ́ọ̀kì síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀? Òǹgbọ́ rọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, kó sanwó lẹ́nu géètì, tàbí kó ra àwo lọ sílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó irú wọn jọ. Ìdí nìyẹn tí olórin bẹ́ẹ̀ fi nílò ọ̀nà púpọ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ rin ìrìn yìí nílẹ̀ wa, tí gbogbo ayé sì rí i, ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù. Jos ni wọ́n bí wọn sí ní 1948, Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì bá Fẹlá, olórin Afrobeat, tan. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ni gbígbè orin fún ẹlòmíràn ní stúdíò: olórin mú orin rẹ̀ wá, àwọn ìbejì á fi ohùn gbè é, wọ́n á gbowó ọjọ́ náà, ó tán. Owó oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni orin ni oníbodè níbẹ̀, torí orúkọ tirẹ̀ ni ará ìta yóò rí lẹ́yìn àwo. Ọ̀nà kejì ni àwo: ní 1969, ilé-iṣẹ́ Decca gbé àwo tiwọn jáde, Ìyá Mi Jọ̀wọ́, orúkọ wọn sì wá hàn síwájú.

Ọ̀nà kẹta gba ọ̀dọ̀ òyìnbó kan. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream, wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Salt sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn olórin Èkó. Àwọn Líjàdù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bá a débi ayẹyẹ orin tó wáyé nígbà ìdíje Olympics ti 1972 ní Munich, ní Jámánì. Etí tí wọn ì bá máà dé láéláé ni ọ̀nà yẹn gbé wọn dé. Ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn ni pé Baker ni èrò wá wò.

Ohun tó ṣe wọ́n láǹfààní jù lọ nínú ẹgbẹ́ yẹn ni pé wọ́n pàdé Biddy Wright níbẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ jìtá, ó mọ béèsì, ó mọ píánò, ó mọ ìlù. Òun ló bá wọn ṣe àwọn àwo mẹ́rin tó sọ wọ́n dẹni ńlá, èyí tí Decca gbé jáde lábẹ́ àmì Afrodisia: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978 àti Horizon Unlimited ní 1979. Ẹ fetí sí Danger. Béèsì ń lọ lábẹ́ láìdúró, jìtá oníná ń gé e lókè, àwọn obìnrin méjèèjì sì ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí pé ẹnì kan ń dá, ẹnì kejì ń gbè. Ohùn wọn sún mọ́ra débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin, àfi níbi tí ọ̀kan bá ti yà díẹ̀ tó tún padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò èyí bí oníṣòwò. Ẹgbẹ́ jùjú ńlá lè tó ogún ènìyàn, gbogbo wọn ló sì ní láti jẹun kí ọ̀gá tó mú tirẹ̀. Ẹni méjì tó ń kọrin, tí ẹni kẹta sì lè lu ohun èlò mẹ́rin, lè wọ stúdíò lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì kọ ohun tó bá wù wọ́n láìwo ojú olóde. Lára ohun tó jẹ́ kí àwọn Líjàdù lè bú àwọn tó ń kówó ìlú jẹ nínú orin nìyẹn, nígbà tí sójà ṣì ń ṣèjọba. Ẹni tí kì í jẹun lọ́wọ́ ọlọ́lá kò ní oríkì kankan láti kì fún un.

Àmọ́ oníbodè ọ̀nà àwo burú. Ilé-iṣẹ́ ló ń tẹ àwo, òun ló ń tà á, òun ló ń ka iye tó tà, òun náà ló sì ń sọ fún olórin pé báyìí lo ṣe jẹ. Àwọn ìbejì náà sọ ọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé owó àwọn àwo náà kò tẹ àwọn lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n kọrí sí Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀dó sí Brooklyn, ilé-iṣẹ́ Shanachie sì gbé àwo Double Trouble jáde fún wọn ní 1984. Ọ̀nà ń là bọ̀ nìyẹn, kó tó di pé Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní 1996, tó sì fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe. Ọ̀nà orí ìtàgé dí.

Ibí ni òwe wa ti wá fi ojú tó le hàn. Ọ̀nà tí kò mówó wá ní 1976 ni ó gbé wọn dé ọjà nígbà tí ẹsẹ̀ kò lè gbé wọn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì dáyé nígbà Danger ń wá àwọn àwo náà kiri. Nas, olórin ráàpù Amẹ́ríkà, mú ohùn wọn wọ orin tirẹ̀. Ní 2011 Knitting Factory Records bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀. Ní 2014 wọ́n padà sórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, níbi eré Atomic Bomb! tí wọ́n fi yẹ́ olórin William Onyeabor sí. Kẹ́hìndé jáde láyé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Numero Group tún gbé Horizon Unlimited jáde, Táíwò sì wà láyé tó rí i. Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ti àwọn Líjàdù ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì dé.

Ẹlòmíràn nínú Salt gba ibòmíràn. Laolu Akins, onílù, wà lára àwọn mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO sílẹ̀, tí àwo wọn Chapter One jáde ní 1973. Nígbà tí ariwo rọ́ọ̀kì rọlẹ̀, ó kọjá sí ìdí ẹ̀rọ, ó di ẹni tó ń bá ẹlòmíràn ṣètò orin. Òun ló wà nídìí Ace, àwo tí Shina Peters fi gba ìgboro kan ní 1989. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tó fi rọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ ṣe wà nínú jùjú tí gbogbo ilé ń jó sí.

Àwọn méjì tó bá ń fi jìtá àti ìlù dánra wò ní Àgbàdo lónìí ní ọ̀nà tí àwọn Líjàdù kò ní. Reluwé Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024 ń gbéra ní Àgbàdo, ó ń gba Ìkẹjà àti Yaba lọ sí Ọyìngbò. Agbègbè tí gbọ̀ngàn eré àti ọmọ iléèwé gíga wà kò jìnnà sílé mọ́. Fóònù sì wà, tó ń gbé orin dé ibi gbogbo láìsí ẹni tó ń tẹ àwo. Àwọn kan rò pé oníbodè ti kúrò lọ́nà nìyẹn. Kò kúrò. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún láàárín oṣù 12 lórí ìkànnì Spotify kò ní owó kankan tí yóò gbà. Ẹgbẹ́ kékeré lè ní ogún orin níbẹ̀, kí ènìyàn ẹgbẹ̀ta gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má sì rí kọ́bọ̀. Ogójì ènìyàn tó sanwó lẹ́nu géètì ní alẹ́ Sátidé sàn fún wọn ju ìyẹn lọ, torí àwọn fúnra wọn ló ka owó náà, wọ́n sì mọ ojú ẹni tó san án. Kí wọ́n fi orin sórí fóònù kí ará ọ̀nà jíjìn lè gbọ́ orúkọ wọn, àmọ́ kí wọ́n má ṣe gbójú lé e pé yóò bọ́ wọn.

Ohun tó kù ni ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 dá ẹni tó ṣẹ̀dá orin mọ̀, àjọ Nigerian Copyright Commission ló sì ń mójú tó o. Ẹni méjì tó bá jọ dá orin jọ ni ín, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rẹ́ kì í fẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ìpín nígbà tí kò tíì sówó. Ìgbà yẹn ló dáa jù láti sọ ọ́. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ orin? Ta ló ni ohùn jìtá? Bí ẹnì kan bá kúrò, ta ni yóò máa jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí orin tó jáde nílé. Oníbodè tó bá bá wọn lójú ọ̀nà yóò wá mọ̀ pé àwọn tó mọ ohun tó wà nínú ẹrù wọn ló ń bọ̀.