Ọ̀rọ̀ Koríko nínú Ìtàn Ẹṣin Ọ̀yọ́

Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀rọ̀ koríko ni a kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn títí dé Adó-Àwáyè, bí ẹṣin bá pọ̀ jù lórí pápá kan, wọn a jẹ koríko rẹ̀ kan gbòǹgbò, wọn a sì yẹra fún ibi tí wọ́n ṣu sí. Kí irú pápá bẹ́ẹ̀ tó sàn, a ní láti kó ẹṣin kúrò, kí a kó imí wọn lọ sí oko, kí ilẹ̀ sì sinmi di òjò mìíràn. Ní gbogbo àkókò yìí, ènìyàn ni yóò máa gé koríko wá bọ́ wọn. Ẹrú Haúsá pọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú ẹṣin Ọ̀yọ́. Nígbà tí Àfọ̀njá ké sí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní nǹkan bí 1817, ọ̀pọ̀ wọn sá tọ̀ ọ́ lọ sí Ìlọrin. Èrò wa ni pé àdánù ọwọ́ tí ń gé koríko yìí wà lára ohun tí ó sọ ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ di aláìlágbára.