Ètò Adójútòfò Ìlera fún Àwọn Àgbàlagbà ní Òkè-Ògùn

Àjọ OYSHIA ni ó ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ètò náà fara jọ àjọ dídá: a ti san owó sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Òfin àpapọ̀ ọdún 2022 sì ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà.

Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ yóò yan ilé ìwòsàn kan. Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, àwọn ni yóò kọ̀wé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí náà, kí ọmọ tí ó wà ní Ìbàdàn má ṣe yan ilé ìwòsàn Ìbàdàn fún ìyá rẹ̀ tí ń gbé ní Ṣakí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru nílò àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Kò yẹ kí ìyá arúgbó wọkọ̀ kọjá Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó wọn ìfúnpá rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe dókítà àdáni, irú èyí tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ń sanwó ọdọọdún fún, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní 1996. Ẹ béèrè àwọn ìtọ́jú tí owó náà kò ká kí ẹ tó san án.

Ní ti àwọn arúgbó aláìní, owó àkànṣe tí Òfin Ìlera ọdún 2014 dá sílẹ̀ wà fún ìtọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn alábọ́dé.

Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ fún ìtọ́jú, ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà.