Àsíá Ta Ló Ń Ṣọ́ Agbami? Òfin Òkun Tí Kò Sí Lábẹ́ Orílẹ̀-èdè Kankan

Nínú òfin òkun, agbára orílẹ̀-èdè ní ibi tó mọ. Máìlì ojú omi 12 láti etíkun wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ bí ilẹ̀ rẹ̀ gan-an. Títí dé máìlì 200, òun ló ni ẹ̀tọ́ sí ẹja àti epo ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, agbami ló kù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ojú ayé.

Lọ́dún 1967, Arvid Pardo, aṣojú Malta, dìde ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní kí ìsàlẹ̀ agbami di ogún gbogbo ọmọ aráyé. Àbá rẹ̀ wọ inú Òfin Òkun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Montego Bay, ní Jàmáíkà, lọ́dún 1982, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1994. Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1986. Amẹ́ríkà kò tíì wọlé. Kingston ni àjọ tó ń mójú tó àlùmọ́ọ́nì ìsàlẹ̀ agbami fi ṣe ibùjókòó.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní Antarctica. Orílẹ̀-èdè méje ló ń sọ pé apá kan ibẹ̀ jẹ́ tàwọn. Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí lọ́dún 1959 kò dá ẹnikẹ́ni láre, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: ó dá ẹjọ́ ilẹ̀ dúró, ó lé iṣẹ́ ológun jáde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ìwádìí. Àdéhùn Madrid ti ọdún 1991 fòfin de ìwakùsà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja wà lọ́wọ́ àjọ CCAMLR, ní Hobart, tó dá ààbò bo Òkun Ross lọ́dún 2016, ibi tó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.55 kìlómítà níbùú lóròó. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Nítorí àtakò Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, àbá irú rẹ̀ lórí Òkun Weddell kò tíì kẹ́sẹ járí.

Ẹja toothfish, tí wọ́n ń pa ní òkun Antarctica, ló fi ibi tí òfin òkun yìí ti jò hàn.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2014, Bob Barker, ọkọ̀ ẹgbẹ́ aláàbò òkun Sea Shepherd, ká ọkọ̀ apẹja Thunder, tó ń pa toothfish láìgbàṣẹ, mọ́ òkun Antarctica. CCAMLR ti kọ Thunder mọ́ àwọn arúfin láti ọdún 2006, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé INTERPOL sì ti kéde rẹ̀ lọ́dún 2013. Àsíá Nàìjíríà ló ń ta. Lagos ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí agbami, orílẹ̀-èdè tó ni àsíá ló láṣẹ lórí ọkọ̀, nítorí náà títẹ̀lé nìkan ni Bob Barker lè tẹ̀ lé e, fún ọjọ́ 110. Nàìjíríà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé lọ́dún 2015. Lóṣù Kẹrin ọdún náà, Thunder rì nítòsí São Tomé, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ló sì dá ọ̀gá ọkọ̀ náà lẹ́bi. Ó bani nínú jẹ́ pé ọkọ̀ táyé ti mọ̀ sí arúfin lè rí àsíá wa fi bora.

Ìrètí tuntun ti dé báyìí. Àdéhùn lórí ohun ẹlẹ́mìí inú agbami, tí wọ́n gbà wọlé lóṣù Kẹfà ọdún 2023, rí orílẹ̀-èdè 60 tó fọwọ́ òfin sí i lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó sì di òfin ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ó ní kí èrè ìwádìí lórí ohun ẹlẹ́mìí inú agbami kan gbogbo ayé, títí kan àwọn tí kò ní ọkọ̀ ìwádìí. Bí ìfẹnukò bá kùnà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dìbò lè dá ibi ààbò sílẹ̀. Síbẹ̀, kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àjọ ẹja tó ti wà ńlẹ̀, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni àsíá. Ìdí nìyí tí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ àti àyẹ̀wò èbúté, ní Nàìjíríà àti níbòmíràn, fi gbọ́dọ̀ le sí i.