Àwo Orin Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Wá A Kiri

Ẹ̀yin ọmọ Ayégbajú nílé àti lẹ́yìn odi, ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ogun tàbí ti oyè. Ti àwo orin ni, èyí tí ó wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ baba wa, tí àwọn ọmọdé sì ń yí kiri ìta bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń kó àwo jọ a máa san owó gọbọi lé irú rẹ̀ tí ó bá ṣọ̀wọ́n, tí ojú rẹ̀ sì mọ́. Kí ni wọ́n rí tí àwa kò rí?

Ní 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá tí ó ju 40 lọ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àwo ìgbà náà a máa tètè fọ́. Ìgbà 78 ni í yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Akọrin kò ní tí ì ki ẹni kan tán kí àyè tó tán. Ẹ sì mọ bí oríkì ti í gùn tó lẹ́nu wa!

Ní 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo fáínìlì tí í yí jẹ́jẹ́ jáde, ojú kan rẹ̀ sì lè gba orin ìṣẹ́jú 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ó tú orin jùjú sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Adé a máa so orin kan mọ́ òmíràn títí ojú àwo yóò fi parí, láìdá ìlù dúró. Bí àwo bá mọ́, tí abẹ́rẹ́ sì dára, etí yóò gbọ́ gángan lọ́tọ̀, yóò gbọ́ jìtá lọ́tọ̀. Adùn yìí ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan ju adùn lọ. Téèpù tí a kọ́kọ́ gba ọ̀pọ̀ orin ilẹ̀ wa sí ti bàjẹ́ tàbí ó ti sọnù. Níbi tí téèpù kò bá sí mọ́, àwo tí ó mọ́ nìkan ni a lè fi tún orin náà tẹ̀. Nígbà tí Honest Jon's ti Lọ́ńdọ̀nù tún orin tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ ní Bìrìtìkó láàárín 1927 sí 1929 gbé jáde ní 2008, inú ilé ìpamọ́ EMI ní Hayes ni wọ́n ti rí wọn. Ta ni ń pa tiwa mọ́?

Ooru abẹ́ páànù ń ká fáínìlì kò, eruku sì ń ha ojú rẹ̀. Ẹ tò ó lóòró bí ìwé, ẹ má ṣe tò ó lé ara wọn. Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tí ń rà á lókìtì, ẹ ka orúkọ tí ń bẹ láàárín àwo. Bí ó bá jẹ́ ti akọrin ilẹ̀ Èkìtì, ẹ má tà á kí a tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó kù.