Èèpo Ọsàn àti Horo Oògùn Àtọ̀gbẹ

Ní Alajo, bíi káàkiri Accra, ọlọ́sàn a máa fi ọ̀bẹ ha èèpo ọsàn kúrò, a bẹ́ orí rẹ̀, oníbàárà a sì fún omi rẹ̀ mu. Àwọn kan kì í da èèpo náà nù. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sè é mu nítorí àtọ̀gbẹ. Èyí kò bà mí nínú jẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ti ẹni tó torí rẹ̀ pa oògùn ọsibítù tì.

Nítorí pé àrùn yìí ti kúrò ní ohun tí à ń gbọ́ lókèèrè. Nígbà tí Silas Dodu àti de Heer wá àtọ̀gbẹ kiri nílùú Ho ní 1964, kò tó ẹnì kan nínú 100 tí wọ́n rí tó ní in. Ní 2002, Albert Amoah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ti Accra àti agbègbè rẹ̀ jáde: nǹkan bí 6 nínú 100 àgbàlagbà tó ti pé ọdún 25 sókè ló ní in. Ọ̀nà àyẹ̀wò méjèèjì kò dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ náà pọ̀. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá a lára wọn ní Accra, bíi méje ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èèpo. Ní 1828 ni Lebreton, ará Faransé, yọ èròjà kan jáde nínú awọ funfun abẹ́ èèpo ọsàn. Hesperidin lorúkọ rẹ̀. Ó di 2004 kí àwọn olùwádìí kan ní South Korea tó fi í bọ́ eku alátọ̀gbẹ, pẹ̀lú naringin tó ń mú gíréèpù korò. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà wálẹ̀, lápá kan torí ẹ̀dọ̀ wọn dín ṣúgà tó ń pèsè kù. Eku nìyẹn o! Lára ènìyàn, àwọn àyẹ̀wò tó ti wáyé kéré, ẹnu wọn kò sì kò.

Mi ò fi ewé àti egbò ṣẹ̀sín. Ewéko Yúróòpù kan tó ń jẹ́ Galega ló bí metformin. Galegine inú rẹ̀ ń dín ṣúgà kù, ṣùgbọ́n ó ní májèlé. Ní 1922, Werner àti Bell ṣe metformin, ìbátan rẹ̀, ní Dublin. Kò sẹ́ni tó bojú wò ó bí alárà. Insulin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní Toronto ló gba ojú gbogbo ayé. Ó di 1957 kí Jean Sterne, dókítà ará Faransé, tó kéde ohun tó ṣe lára àwọn aláìsàn rẹ̀.

Lára páálí metformin lónìí, wọ́n kọ 500 sí i, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ ní miligíráàmù. Ife omi èèpo ọsàn tí wọ́n sè láàárọ̀ yìí ńkọ́, mélòó ni hesperidin inú rẹ̀?