Iná Ìta àti Iná Ìléru: Ìtàn Ìkòkò Olókùúta ní Nàìjíríà àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkẹjà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn ìkòkò orí kẹ̀kẹ́ àti ìkòkò olókùúta wò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí di òde òní tí a rí àwọn aráàlú tí ń kọ́ ọ fún ìgbafẹ́. Kókó ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé ìkòkò olókùúta kò ga ju ìkòkò àwọn ìyá amọ̀kòkò lọ. Iná tí a fi sun wọ́n ni ó yàtọ̀, iná kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ Ladi Kwali àti ti Àbátàn ará Òkè-Ọ̀dàn ni a fi ṣe ẹ̀rí.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ìfaradà ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo ìkòkò ni ó lè jókòó sórí ààrò kí ó má fọ́.

Bí ẹnì kan ní GRA Ìkẹjà lónìí bá pinnu láti fi ìkòkò mímọ ṣe ìgbafẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò máa ro ìléru tí ń lo iná mànàmáná, àti abọ́ dídán tí omi kò lè gba ara rẹ̀ jáde. Bóyá ni yóò rántí ìyá arúgbó tí ń mọ ìṣaasùn lábúlé. Ó wọ́pọ̀ kí a gbà pé ọ̀nà ti ìyá arúgbó ni ìbẹ̀rẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ ni ìlọsíwájú. Ìtàn kò fara mọ́ èrò yìí, ó sì ṣe pàtàkì kí olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí olùkọ́ bá pè ní ògbólógbòó ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ̀ láti kọ́.

Ìkòkò Kí Kẹ̀kẹ́ Tó Dé

Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ìlọrin, Ìpetumodù àti Ìṣàn-Èkìtì wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ ọn. Amọ̀kòkò a máa wa amọ̀, a pò ó, a ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, a sì fi ọwọ́ mọ ọ́n. Nígbà mìíràn a máa tẹ́ amọ̀ sórí ìdí ìkòkò àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ dé, kí ó tó máa fi amọ̀ gígùn kún un títí yóò fi dé ọrùn. Bí ìkòkò bá gbẹ, a óò kó wọn jọ síta, a óò fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, a óò sì dáná sí i. Irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbóná tó 600°C sí 900°C. Báyìí ni a ṣe ń ṣe àmù, orù, ìṣaasùn, àgbada àti ajere, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé.

Ìkòkò ojúbọ náà wà. Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò ní Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa nísinsìnyí, gbajúmọ̀ fún àwo ọta Ẹ̀rìnlẹ̀. Inú àwo yìí ni a ń fi omi àti òkúta odò òrìṣà náà sí. Ọmọrí rẹ̀ a máa yọ bí adé, a sì máa ní ère obìnrin lórí. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, kọ ìwádìí kíkún lórí Àbátàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1969. Ìwádìí náà fi hàn pé ọnà ara ìkòkò lè ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, pé kì í ṣe iṣẹ́ tí kò ní olúwa.

Àwọn kan rò pé iná gbígbóná gan-an àjèjì sí Yorùbá. Ilé-Ifẹ̀ ta ko èyí. Ní Igbó Olókun, a ti hú ìkòkò amọ̀ tí a fi ń yọ́ dígí, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn, àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí rẹpẹtẹ. Ìwádìí tí Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2017 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ifẹ̀ ni a ti ṣe dígí náà, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Iná tí ń yọ́ irú dígí bẹ́ẹ̀ ju 1,000°C lọ. Nítorí náà, àwọn ará Ifẹ̀ ní amọ̀ tí kò bẹ̀rù iná, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń yọ́ dígí. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi dígí ṣe, wọn kò fi pa ìkòkò omi lára. Ohun tí wọ́n nílò ni wọ́n ṣe.

Láti Achimota dé Abuja

Ìkòkò olókùúta ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún ìkòkò tí a sun dé nǹkan bí 1,200°C sí 1,300°C, títí amọ̀ rẹ̀ fi dì pọ̀ tí ó sì le bí òkúta. A sábà máa ń fi ìpara dígí bò ó, ìyẹn àdàlú eérú tàbí efun òkúta pẹ̀lú òkúta lílọ̀ bí feldspar, tí yóò yọ́ nínú iná, tí yóò sì di awọ dídán sára ìkòkò.

Michael Cardew, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1901, ni ó gbé ọ̀nà yìí wá sí Nàìjíríà. Ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bernard Leach ní St Ives ní ọdún 1923. Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ sí Achimota ní Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, láti rọ́pò Harry Davis tí ó dá iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba fẹ́ kí ibẹ̀ di ilé iṣẹ́ ńlá ní Alájọ, ṣùgbọ́n ìléru kò gbọ́ràn, ìkòkò ń bàjẹ́, owó sì ń ṣòfò. Ní ọdún 1945 a ti ilé iṣẹ́ náà pa. Cardew kó lọ sí Vume lẹ́bàá odò Volta, ó fi owó ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí àìsàn fi dá a padà sílé ní ọdún 1948.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba Nàìjíríà gbà á síṣẹ́ láti bójú tó ìkòkò mímọ. Ó rin orílẹ̀-èdè káàkiri, ó sì yan Abuja, ìlú tí ó ń jẹ́ Suleja báyìí, fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1952. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ yí àti ìléru tí ń jẹ igi ni wọ́n ń lò. Kofi Athey, tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, wá ràn án lọ́wọ́. Ọkùnrin nìkan ni a kọ́kọ́ gbà. Èrò ìjọba ni pé kẹ̀kẹ́ ni yóò sọ iṣẹ́ abúlé di òwò ìgbàlódé.

Ladi Kwali

Ohun tí ó sọ Abuja di olókìkí kò tọ ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀. Cardew ti rí àwọn ìkòkò kan láàfin Ẹ́míà Abuja, Alhaji Suleiman Barau. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti abúlé Kwali, ni ó mọ wọ́n. Ọ̀dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré. Ní ọdún 1954 ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Ladi kọ́ kẹ̀kẹ́ yíyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìkòkò a dúró lójú kan, òun a sì máa yí i ká, tí yóò máa fa amọ̀ sókè láti inú. Kẹ̀kẹ́ kò yí. Òun ni ó ń yí. Bí amọ̀ bá gan díẹ̀, a máa fi igi ṣóńṣó fín àkekèé, alángbá, ọ̀nì, ejò, ẹja àti ẹyẹ sí i lára, a máa fi amọ̀ funfun ṣíṣàn kún ojú ọnà náà, a sì ha èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò. Ìpara dígí yóò bo gbogbo rẹ̀, ìléru yóò sì parí iṣẹ́. Ọnà wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a kọ́ ọ ní Abuja. Kwali ni ó ti gbé wọn wá.

Ní ọdún 1958, 1959 àti 1962, a ṣàfihàn iṣẹ́ Abuja ní Berkeley Galleries ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkòkò Ladi sì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń wá wò jù. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1977. Ó kú ní ọdún 1984. Láti ọdún 2007 ni àwòrán rẹ̀ níbi tí ó ti ń mọ ìkòkò ti wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Cardew fẹ̀yìn tì ní Abuja ní ọdún 1965, ìwé rẹ̀, Pioneer Pottery, sì jáde ní ọdún 1969, ọdún kan náà tí ìwádìí lórí Àbátàn jáde.

Ohun tí Iná Ń Fúnni àti Ohun tí Ó Ń Gbà

A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé èrè nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ara àmù tí a sun níta ní ihò tíntìntín. Omi a máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, gbígbé náà a sì mú ooru kúrò lára omi tí ó kù. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù láìsí ẹ̀rọ. Ihò wọ̀nyí àti iyanrìn inú amọ̀ náà ni kò jẹ́ kí ìṣaasùn sán nígbà tí iná bá ń jó o nídìí. Ìkòkò olókùúta kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ó dára fún abọ́ ìjẹun, ife àti ìgò òróró. Kò rùn, kò sì mu omi. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí ààrò igi, ó ṣeé ṣe kí ó sán, kò sì lè mú omi tutù bí àmù.

Nítorí náà, nígbà tí ìkòkò Ladi Kwali wọ ìléru Abuja, ó jèrè awọ dídán, ó sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àmù tí ń bu omi fún ará ilé di ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń gbé sínú àpótí dígí ní ilé ọnà. Owó rẹ̀ sì ju agbára ìyàwó ilé abúlé lọ. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọlọ́lá ni wọ́n sábà ń rà á. Ìwúrí ni ìtàn náà, àdánù sì wà nínú rẹ̀.

Ìkẹjà àti Akẹ́kọ̀ọ́ Òde Òní

Ìkẹjà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Láti òpin àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Abọ́ tánganran àti ti ike tí a ń ṣe ní irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó lé ìkòkò amọ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná. Abọ́ tánganran fúnra rẹ̀, irin tí a fi dígí bò ni. Ní Oṣòdì tí kò jìnnà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, fi amọ̀ kún ohun tí ó ń wádìí, Yaba College of Technology sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ amọ̀ lára iṣẹ́ ọnà.

Ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí fún ìgbafẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ́ sùúrù. Pípò amọ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi kúrò nínú rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbígbé amọ̀ sí àárín gbùngbùn kẹ̀kẹ́, èyí tí ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó mọ́ni lára. Ṣíṣí inú rẹ̀, fífà á sókè àti gígé ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. A óò sun ún lẹ́ẹ̀kíní ní nǹkan bí 900°C sí 1,000°C, a óò fi ìpara dígí bò ó, a óò sì tún un sun. Amọ̀ pupa tí a ń wà nínú ọgbà, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, sábà máa ń wú tàbí kí ó tẹ̀ kí iná tó dé 1,250°C. Ó dára fún kíkun ọnà ju mímọ ìkòkò olókùúta lọ. Amọ̀ funfun tí a ń pè ní kaolin wà ní Ìjerò-Èkìtì àti ní Kankara ní Katsina. Ìléru iná mànàmáná nílò iná tí kì í lọ láàárín wákàtí púpọ̀. Ìléru igi nílò igi púpọ̀, èéfín rẹ̀ kì í sì ṣe ohun tí aládùúgbò GRA yóò fara mọ́.

Nínú gbogbo èyí, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń kùnà ni ọnà. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ kẹ̀kẹ́ yí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò fín sára ìkòkò. Ìwé òkèèrè ni ó ń wò. Ladi Kwali kò ní ìṣòro yìí, nítorí ó ti ní ọnà kí ó tó ní ìléru.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò fi hàn pé kẹ̀kẹ́ kọ́ ni ó gbé ìkòkò Nàìjíríà dé ojú ayé. Ọwọ́ tí ó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ó pàdé iná tuntun. Bí ọwọ́ náà bá parẹ́, ìléru yóò kàn máa sun àfarawé. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò tí ó ṣì wà láàyè, kí wọ́n fi ọwọ́ mọ ìṣaasùn kan kí wọ́n tó jókòó sí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyá tí ó kọ́ wọn sílẹ̀. Ó tún yẹ kí wọ́n bu omi sínú àmù àti sínú ìkòkò olókùúta, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ èyí tí ó tutù.

Nínú ìtàn Ifá, Àjàlá alámọ̀ ni ó ń mọ orí lọ́run. Orí tí kò jiná, òjò ayé a máa wẹ̀ ẹ́ dànù. Ìtàn náà kò sọ pé kí gbogbo orí gba iná kan náà. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí olúkúlùkù jiná tó iṣẹ́ tí ó fẹ́ wá ṣe.